Gba Kọ́kọ́rọ́ Rẹ Padà: Ìmọ̀ràn fún Ọ̀dọ́ Ìrèlè-Èkìtì

Ọmọ mi, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìrèlè ló kọ́kọ́ ní ímeèlì lọ́dún tí ẹ fẹ́ ṣe ìdánwò JAMB láti wọ ilé-ìwé gíga. Ẹ gun ọ̀kadà lọ sí Ìkọ̀lé tàbí Ọ̀yẹ́, ẹ tò sórí ìlà ní kaféè, ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà sì béèrè pé, "Ṣé o ní ímeèlì?" Ẹni tí kò bá ní, wọ́n bá a ṣí i lójú ẹsẹ̀. Ọmọ kaféè ló ronú pásíwọ́ọ̀dù náà, òun ló tẹ̀ ẹ́, òun ló kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pẹ̀lú ti gbogbo àwọn tó wá lọ́jọ́ yẹn. Ìgbà míì wà tó jẹ́ pé nọ́ḿbà fóònù tirẹ̀ ló fi sí i. O sanwó, o gba ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún ọ, o padà sílé. Ó lè jẹ́ pé kò sí ẹni tó ní ibi lọ́kàn níbẹ̀. Síbẹ̀, láti ọjọ́ náà lọ, ẹlòmíràn ló ń mú kọ́kọ́rọ́ orúkọ rẹ dání.

Wo ohun tí kọ́kọ́rọ́ yẹn ń ṣí. Ímeèlì náà wà lára ohun tí JAMB fi mọ̀ ọ́. Nígbà tí ilé-ìwé bá gbà ọ́, ì báà jẹ́ FUOYE tó wà nítòsí wa ní Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé láti ọdún 2011, ì báà jẹ́ ibòmíràn, ímeèlì ni wọ́n máa béèrè. Bí o bá fẹ́ tọrọ owó ẹ̀yáwó ìjọba lọ́wọ́ NELFUND, ímeèlì ni. Bí o bá jáde tí o fẹ́ lọ sìnrú ìlú, ímeèlì ni NYSC máa béèrè. Báńkì rẹ náà ti kọ ọ́ sínú fáìlì. Bí o bá sì gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù ọ̀kan nínú gbogbo ibi wọ̀nyí, inú ímeèlì náà ni wọ́n máa fi líǹkì ránṣẹ́ sí kí o lè yan òmíràn. Nítorí náà, ẹni tó bá lè ṣí ímeèlì rẹ lè ṣí gbogbo ìyókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti rí ọmọ tó kàwé jáde tán tó tún ń wá oní-kaféè kiri, oní-kaféè ọ̀hún sì ti kó kúrò nílùú tipẹ́.

Kò sí àgbẹ̀ kan ní Ìrèlè tó máa kó kòkó rẹ̀ tó ti gbẹ sínú yàrá, kó wá fi kọ́kọ́rọ́ yàrá náà sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó wá ra kòkó. Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gba kọ́kọ́rọ́ rẹ padà. Tọ́jú rẹ̀ sí ibi tí àṣẹ rẹ dé. Kí o sì mọ̀ pé ẹni tó bá gba àṣẹ ti gba iṣẹ́, nítorí kò ní sí ẹni tó máa bá ọ tọ́jú rẹ̀ mọ́.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí pásíwọ́ọ̀dù ṣe ń bọ́ sọ́wọ́ olè, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àfi ẹni tó gbọ́n bí àjẹ́ ló lè jí i. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni kí wọ́n jí i lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú rẹ̀. Lọ́dún 2013, àwọn olè wọ inú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ Yahoo. Ilé-iṣẹ́ náà kò kéde rẹ̀ títí di ọdún 2016. Nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún 2017, wọ́n ní gbogbo àkáǹtì tó wà lọ́wọ́ àwọn nígbà náà ni ọ̀rọ̀ kàn, bílíọ̀nù 3 lápapọ̀. Yahoo sì ni ímeèlì àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà lò láyé wọn, títí kan àwọn bàbá àti ìyá yín. Orúkọ wà nínú ohun tí wọ́n kó lọ, nọ́ḿbà fóònù wà níbẹ̀, ọjọ́ ìbí wà níbẹ̀, pásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n ti dà rú náà wà níbẹ̀.

Olè tó bá rí pásíwọ́ọ̀dù rẹ gbà láti ibì kan, kọ̀ǹpútà ló máa gbé e fún, kọ̀ǹpútà náà á sì máa dán an wò ní Facebook, ní Gmail, ní báńkì, níbi gbogbo. Bó bá jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ni o ń lò káàkiri, a jẹ́ pé ilẹ̀kùn kan ni wọ́n já, gbogbo ilé ló ṣí. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri Yahoo lanu, ìyẹn kò sí lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo pásíwọ́ọ̀dù kan náà ní ibi mẹ́wàá, òun ló la ògiri tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ímeèlì rẹ ti wà nínú ohun tí àwọn olè kó rí, ọmọ Ọsirélíà kan tó ń jẹ́ Troy Hunt ṣí ìkànnì Have I Been Pwned sílẹ̀ láti ọdún 2013. Ímeèlì rẹ nìkan ni wàá tẹ̀ síbẹ̀, yóò sọ fún ọ láìgba kọ́bọ̀.

Ọ̀nà kejì ni pé kí wọ́n mọ̀ ọ́n nípa ríronú. PIN onínọ́ḿbà 4 kò lè ju oríṣi 10,000 lọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì tún máa ń fi ọdún ìbí wọn ṣe é. Orúkọ rẹ pẹ̀lú 123 lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ ìjọ rẹ, orúkọ olólùfẹ́ rẹ, gbogbo ìyẹn ni kọ̀ǹpútà olè máa kọ́kọ́ dán wò. A tún ti fi àmì pẹ́pẹ̀pẹ́ tan ara wa jẹ. Lọ́dún 2003, Bill Burr tó ń ṣiṣẹ́ ní NIST, àjọ tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé kí pásíwọ́ọ̀dù ní lẹ́tà ńlá, nọ́ḿbà àti àmì, kí a sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lóòrèkóòrè. Ayé tẹ̀lé e. Ohun tó yọrí sí ni pé àwọn ènìyàn ń fi @ rọ́pò "a", wọ́n ń fi 1 kún ìparí, wọ́n rò pé àwọn ti ṣe iṣẹ́. Nígbà tó di ọdún 2017, NIST tún ìlànà náà ṣe: kí pásíwọ́ọ̀dù gùn, kó má jẹ́ èyí tí olè ti ní lọ́wọ́, kí wọ́n má sì fipá mú ẹnikẹ́ni pààrọ̀ rẹ̀ láìnídìí. Burr fúnra rẹ̀ sọ fún ìwé ìròyìn Wall Street Journal lọ́dún náà pé òun kábàámọ̀ púpọ̀ nínú ohun tí òun kọ.

Ohun tó dára, nígbà náà, ni kí pásíwọ́ọ̀dù ibi kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, kó gùn, kó má sì ní ìtumọ̀ kankan. Orí ta ló lè gbé ogún irú rẹ̀? Kò sí. Ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ṣe áàpù tó ń tọ́jú pásíwọ́ọ̀dù. Áàpù náà ló máa ronú pásíwọ́ọ̀dù gígùn fún ibi kọ̀ọ̀kan, òun náà ló máa rántí rẹ̀ fún ọ. Inú fáìlì kan ló ń kó gbogbo rẹ̀ sí, á sì ti fáìlì náà pa. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ìwọ nìkan mọ̀ ló lè ṣí i. Láìsí ọ̀rọ̀ náà, ẹni tó bá jí fáìlì náà gbé kò ní rí nǹkan kan níbẹ̀ àyàfi ìdàrúdàpọ̀. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń tì í ni AES, tí NIST fọwọ́ sí lọ́dún 2001, tí àwọn báńkì àti ìjọba pàápàá ń lò. Ọgbọ́n náà lágbára. Ohun tó kù láti bi ara ẹni ni pé: ọwọ́ ta ni fáìlì náà wà?

Ọ̀nà méjì ló pín sí. Nínú àkọ́kọ́, ilé-iṣẹ́ kan ló máa bá ọ tọ́jú fáìlì náà sórí kọ̀ǹpútà tiwọn lókè òkun. Ó rọrùn, ó sì wúlò fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa yáni lẹ́wù, tọrùn rẹ̀ là ń wò. LastPass jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó lókìkí jù nínú iṣẹ́ yìí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, olè wọ ibi iṣẹ́ wọn. Ohun tó rí mú níbẹ̀ ló fi rí ọ̀nà wọlé lẹ́ẹ̀kejì, ó sì da fáìlì àwọn oníbàárà kọ lọ. Ní ọjọ́ 22 oṣù kejìlá ọdún náà, ilé-iṣẹ́ kéde rẹ̀. Pásíwọ́ọ̀dù inú àwọn fáìlì náà wà ní títì pa, ṣùgbọ́n orúkọ ìkànnì tí oníbàárà ń lò kò sí ní títì. Ẹni tí ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀ gùn lè sùn. Ẹni tó fi orúkọ ọmọ rẹ̀ ṣe tirẹ̀, olè ní fáìlì rẹ̀ lọ́wọ́, kò sì sí ohun tó lè dí i lọ́wọ́ láti máa dán an wò lọ́jọ́ gbogbo. Ibi tí wọ́n kó fáìlì ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ sí, ibẹ̀ ló ń wu olè.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń jẹ́ kí Chrome bá yín tọ́jú pásíwọ́ọ̀dù láìmọ̀ pé ẹ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kàn tẹ "Save" ni. Ó sàn ju kí a kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé lọ, n kò ní bá yín jà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n rántí pé àkáǹtì Google ni gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́. Bó bá jẹ́ pé àkáǹtì tí wọ́n bá ọ ṣí ní kaféè ni, tí pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé ẹni ẹlẹ́ni, o ti kó gbogbo ẹrù rẹ sínú yàrá tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ.

Ọ̀nà kejì ni kí fáìlì náà wà lọ́wọ́ ìwọ fúnra rẹ. Èyí ni mo fẹ́ fún ọ. Kí o tó yan áàpù kan, bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Èkíní: ṣé mo lè ṣí i láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kódà bí dátà bá tán tàbí tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é bá ti kógbá sílé? Èkejì: bí mo bá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́la, ṣé mo lè kó ẹrù mi lọ pátá? Ẹ̀kẹta: ṣé ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ áàpù náà wà ní gbangba, tí àwọn tó mọ iṣẹ́ lè yẹ̀ ẹ́ wò, àbí ọ̀rọ̀ ẹnu olówó rẹ̀ nìkan ni mo máa gbà gbọ́? Èyí tí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a lè sọ pé àṣẹ rẹ wà lórí rẹ̀.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìwọ náà mọ ilé wa. Láti Ìrèlè dé Ìpáò, dé Òkè-Akò, dé Ìtàpájì, iná kì í dúró, nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà a máa lọ a máa bọ̀. Ohun èlò tí kò lè ṣiṣẹ́ àfi bí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà lè já ọ kulẹ̀ lọ́jọ́ tí o nílò rẹ̀ jù. Ìdí rèé tí mo fi ń pe àfiyèsí rẹ sí ìdílé KeePass. Dominik Reichl, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ló kọ́kọ́ gbé e jáde lọ́dún 2003. Ọ̀fẹ́ ni. Kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba. Kò béèrè orúkọ rẹ, kò béèrè ímeèlì, kò béèrè íntánẹ́ẹ̀tì. Inú fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí .kdbx ni gbogbo ẹrù rẹ máa wà, inú fóònù rẹ gan-an sì ni fáìlì náà máa wà. Lórí fóònù Android, KeePassDX lè ṣí i. Lórí kọ̀ǹpútà, KeePassXC lè ṣí i, ì báà ṣe Windows, Linux tàbí Mac. Lórí iPhone, KeePassium wà. Bí ẹni tó ṣe ọ̀kan bá pa iṣẹ́ tì lọ́la, òmíràn á ka fáìlì rẹ. Mo ka èyí sí òmìnira, torí pé kò sí ẹnì kan tó lè mú ọ so mọ́lẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà nínú yín máa dárúkọ Bitwarden fún mi. Òun náà dára. Ọdún 2016 ló jáde, kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, ẹni tó bá fẹ́ sì lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ dípò ti ilé-iṣẹ́ náà. Fún ẹgbẹ́ tàbí ilé-iṣẹ́ kékeré tó ní ẹni tó mọ iṣẹ́, ọ̀nà gidi ni. Ṣùgbọ́n gbọ́ tèmi: kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní títàn tọ̀sán-tòru, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa tún un ṣe nígbà tí àtúnṣe tuntun bá jáde, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa da ẹ̀dà rẹ̀ kọ. Bí o bá gbé e kalẹ̀ sínú yàrá rẹ tí o kò bojú wò ó fún ọdún kan, ó léwu ju kí o fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ lọ. Àṣẹ kì í ṣe pé kí irin náà wà nínú ilé rẹ. Ohun tí agbára rẹ ká láti tọ́jú ni àṣẹ rẹ dé lóòótọ́. Fún èyí tó pọ̀ jù nínú yín, fáìlì kan nínú fóònù àti ẹ̀dà rẹ̀ níbi méjì mìíràn ti tó.

Ibi tí o ti máa gba áàpù náà ṣe pàtàkì. Má ṣe gbà á láti ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ tó fi ránṣẹ́ lórí Xender tàbí nínú ẹgbẹ́ WhatsApp, kódà bí o bá fẹ́ ṣọ́ dátà jẹ. Play Store, F-Droid tàbí ìkànnì àwọn tó ṣe é gan-an ni kí o lọ. Wo orúkọ rẹ̀ dáadáa, torí àwọn ayédèrú máa ń jọ ojúlówó. Áàpù tó máa gbé gbogbo àṣírí rẹ kì í ṣe ohun tí à ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí a kò mọ ibi tó ti rí i.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ àṣírí tó máa ṣí fáìlì náà. Òun nìkan ni ohun tí orí rẹ máa gbé, nítorí náà mú un ní gidi. Má fi òwe ṣe é. Má fi oríkì ìdílé rẹ ṣe é, má fi ẹsẹ Bíbélì tàbí Kùránì ṣe é, má fi ọ̀rọ̀ orin ṣe é. Ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ kì í ṣe àṣírí, bó ti wù kó gùn tó. Arnold Reinhold, ọmọ Amẹ́ríkà, gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ lọ́dún 1995 tí ọmọ Ìrèlè lè lò lónìí pẹ̀lú dáìsì lúdò. Orúkọ rẹ̀ ni Diceware. Ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ 7,776 wà, nọ́ḿbà márùn-ún sì wà níwájú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ju dáìsì lẹ́ẹ̀marùn-ún, kọ nọ́ḿbà tó yọ sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, wo ọ̀rọ̀ tó bá a mu. Ṣe bẹ́ẹ̀ títí wàá fi ní ọ̀rọ̀ mẹ́fà. Àjọ EFF ní Amẹ́ríkà tún gbé àkójọ tirẹ̀ jáde lọ́dún 2016, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ sì rọrùn láti rántí.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mẹ́fà lásán lè dà bí ohun yẹpẹrẹ lójú rẹ. Iye ọ̀nà tí wọ́n lè gbà tò wọ́n jẹ́ nọ́ḿbà tí a máa fi dígíìtì 24 kọ. Kò sí olè tó máa dán ìyẹn wò tán láyé. Bó bá jẹ́ èdè Yorùbá lo fẹ́, ṣí ìwé atúmọ̀-èdè ńlá kan láìwojú, fi ìka lé ọ̀rọ̀ tí ọwọ́ rẹ bá bà, kí o sì mú ọ̀rọ̀ méje tàbí mẹ́jọ. Kọ ọ́ láìfi àmì ohùn sí i, kí o má bàa há lọ́jọ́ tí o bá bá ara rẹ nídìí kọ̀ǹpútà tí kò ní àmì Yorùbá. Dáìsì tàbí ìwé ni kó yàn án fún ọ. Ohun tí o bá fi ọkàn ara rẹ yàn, ẹni tó mọ̀ ọ́ lè mọ̀ ọ́n.

Kò sí "mo gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù" níbí o. Kò sí ọ́fíìsì tí wàá lọ, kò sí nọ́ḿbà tí wàá pè. Bí ọ̀rọ̀ náà bá sọnù lórí rẹ, fáìlì náà ti kú nìyẹn. Nítorí náà, kọ ọ́ sórí ìwé kan fún àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, máa fọwọ́ ara rẹ tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́ títí yóò fi mọ́ ọ lára. Lẹ́yìn náà, má ya ìwé náà. Fi sínú àpòòwé, lẹ̀ ẹ́ pa, kí o fún ẹni tí o lè fi ẹ̀mí rẹ lé lọ́wọ́: ìyá rẹ, ẹ̀gbọ́n rẹ, aya tàbí ọkọ rẹ. Ẹni tó ń wá ọ̀nà wọ fóònù rẹ láti òkè òkun kò lè wọ inú àpótí ìyá rẹ ní Ìrèlè.

Àpòòwé yẹn ní iṣẹ́ mìíràn. Ọlọ́run kò ní pa ọ́ ní rèwerèwe. Ṣùgbọ́n a ti rí ilé tí òjò ìbànújẹ́ rọ̀ sí, tí owó olóògbé wà nínú áàpù tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣí, tí àwòrán àwọn ọmọ rẹ̀ wà nínú ímeèlì tí kò sẹ́ni tó mọ ọ̀nà ibẹ̀. Àwọn baba wa máa ń sọ ibi tí wọ́n kó nǹkan sí fún ẹnì kan kí wọ́n tó lọ. Ìwọ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tó mọ ibi tí àpòòwé wà ti tó.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, nítorí náà ẹ̀dà fáìlì rẹ gbọ́dọ̀ ju ọ̀kan lọ. Fóònù a máa bọ́ sómi, ọlọ́ṣà a máa gbà á lójú ọ̀nà. Ọ̀kan wà nínú fóònù, ọ̀kan wà nínú fláàṣì nílé, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ní Adó tàbí ní Èkó. O lè fi ọ̀kan sínú Google Drive rẹ pàápàá, torí títì ni fáìlì náà wà; ẹni tó bá rí i láìní ọ̀rọ̀ rẹ kò rí nǹkan kan. Nígbàkígbà tí o bá fi nǹkan tuntun kún un, pààrọ̀ àwọn ẹ̀dà náà. Lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mélòó kan, gbé fláàṣì náà jáde kí o ṣí i, kí o rí i pé ó ṣì ń ṣí. Ẹ̀dà tí o kò dán wò rí, ìrètí lásán ni.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, áàpù kan kò sì lè rọ́pò ojú rẹ. Kò sí áàpù tó lè gbà ọ́ lọ́wọ́ ẹni tó pè ọ́ lórí fóònù pé òun ń pè láti báńkì, tó ní kí o ka nọ́ḿbà OTP tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Báńkì kankan kì í béèrè OTP tàbí PIN lórí fóònù. Bákan náà ni kí o ṣọ́ra fún àwọn ìbéèrè tí ìkànnì máa ń bi ọ́ nígbà tí o bá gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù, bíi "Kí ni orúkọ ìdílé ìyá rẹ?" Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ẹgbẹ́ Paradigm Initiative kéde pé ìkànnì kan ń ta ìsọfúnni NIN àwọn ọmọ Nàìjíríà ní ₦100, bó tilẹ̀ jẹ́ pé NIMC, àjọ tó ń tọ́jú NIN, sọ pé ibi ìpamọ́ tàwọn kò lanu. Bí ọjọ́ ìbí àti nọ́ḿbà NIN ènìyàn bá lè di ọjà lọ́nà bẹ́ẹ̀, wọn kì í ṣe àṣírí mọ́. Má fi òtítọ́ dáhùn irú ìbéèrè wọ̀nyí. Jẹ́ kí áàpù rẹ ronú ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀, kó sì bá ọ rántí rẹ̀.

Mójú tó láìnì fóònù rẹ pẹ̀lú, torí orí rẹ̀ ni OTP ń wọlé sí. Ìlànà NCC, àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù, gba àwọn ilé-iṣẹ́ náà láàyè láti ti láìnì tí olówó rẹ̀ kò lò fún oṣù 6, bí oṣù 6 mìíràn bá sì kọjá, nọ́ḿbà náà lè di ti ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó re Èkó tàbí òkè òkun ló ti gbàgbé láìnì tí wọ́n fi ṣí báńkì àti ímeèlì sílé. Bí o bá máa pààrọ̀ láìnì, yọ èyí tó ti lọ kúrò níbi gbogbo kí o tó jẹ́ kó kú.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kaféè àti ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe POS ní ìgboro, ọmọ mi ni ẹ̀yin náà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín jù. Àwọn aládùúgbò yín fọkàn tán yín, ẹ má ṣe fi àìbìkítà san án. Bí ọmọ kan bá wá fi orúkọ sílẹ̀, gbé kọ̀ǹpútà fún un kí òun fúnra rẹ̀ tẹ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Yí ojú rẹ padà. Nọ́ḿbà fóònù tirẹ̀ tàbí ti òbí rẹ̀ ni kí o fi sí i. Ìwé tí o fi ń kọ pásíwọ́ọ̀dù àwọn oníbàárà, dáná sun ún. Láti ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023 ni òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni ti wà ní Nàìjíríà, ẹni tó bá fi ìsọfúnni ẹlòmíràn ṣe bó ti wù ú lè jẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n kó tó kan òfin, ọmọlúàbí kì í tọ́jú kọ́kọ́rọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ ran àwọn àgbà ilé lọ́wọ́ pẹ̀lú. Màmá àgbà tó ń gba owó lórí fóònù máa ń sọ pé, "Ọmọ mi, bá mi yan nọ́ḿbà." Má yàn án fún un. Jókòó tì í, ṣàlàyé fún un pé kó má fi ọdún ìbí rẹ̀ ṣe é, kí ó yàn án fúnra rẹ̀, kí o sì wojú ibòmíràn nígbà tó bá ń tẹ̀ ẹ́. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìfẹ́ gba pásíwọ́ọ̀dù lọ́wọ́ ìwọ náà. Olólùfẹ́ tó bá ní òun kò ní gbà pé o fẹ́ràn òun àfi bí òun bá ń wo fóònù rẹ, ìfúra ló ń bá ọ lò, ìfẹ́ kọ́.

Bí o bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, orí ímeèlì ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ni ìyókù rọ̀ mọ́. Pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ lónìí. Wo nọ́ḿbà tó wà níbẹ̀ fún ìgbà tí o bá gbàgbé, kí o sì yọ ti ẹni ẹlẹ́ni kúrò. Wo àwọn fóònù àti kọ̀ǹpútà tí ímeèlì náà ṣì ṣí sílẹ̀ lórí wọn, lé gbogbo èyí tí kì í ṣe tìrẹ jáde. Fi ìgbésẹ̀ kejì (two-step verification) kún un, kí pásíwọ́ọ̀dù nìkan má tó láti wọlé. Lẹ́yìn náà, gbé áàpù rẹ kalẹ̀, kó ti báńkì sínú rẹ̀, kó ti JAMB àti ti ilé-ìwé, kó ìyókù sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí o ti ń lò wọ́n. Má retí kí ẹnikẹ́ni láti Adó tàbí Abuja wá ṣe é fún ọ. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Kí Ọlọ́run fún ọ ní làákàyè láti tọ́jú ohun tó fi sí ìkáwọ́ rẹ, kí ẹni ibi má rí ọ̀nà gbé e, kí ọwọ́ rẹ sì máa lékè lórí ohun tó jẹ́ tìrẹ. Àṣẹ.